Ta Ni Ọmọ Tó Kàwé Rékọjá Òkun Jẹ Ní Gbèsè?

Ní ọdún 1913, Sayajirao Gaekwad, ọba ìlú Baroda ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, fi owó rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ sí Yunifásítì Columbia ní New York. Bhimrao Ramji Ambedkar ni orúkọ rẹ̀. Inú àwọn tí àwùjọ Íńdíà ìgbà náà kà sí ẹni tí kò yẹ kí ọmọlúàbí fara kàn ni wọ́n bí i sí. Kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pé bí òun bá parí ẹ̀kọ́ òun, òun yóò padà wá ṣiṣẹ́ fún Baroda fún ọdún 10. Ó lọ, ó kàwé ní New York, ó tún kàwé ní London, nígbà tó sì di ọdún 1917 tí owó ìrànwọ́ náà tán, ó padà wá mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kò rí ẹni tó máa gbà á sílé. Ó wá yàrá sí ilé àlejò tí àwọn ẹlẹ́sìn Parsi ní, ó sì fi orúkọ Parsi sílẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀ ọ́n. Ní ọjọ́ kọkànlá, àwọn ọkùnrin bíi méjìlá gbé igi wá bá a, wọ́n ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó fi Baroda sílẹ̀. Ọdún 10 náà kò pé.

Ta ló da àdéhùn? Bí a bá ní Ambedkar ni, a jẹ́ pé à ń sọ pé kí èèyàn máa sùn sí títì nítorí pé ó tọwọ́ bọ̀wé. Bí a bá ní Baroda ni, ọba tó san owó kọ́ ló lé e. Àwọn onílé àti aládùúgbò ni, àwọn tí kò tọwọ́ bọ ìwé kankan. Síbẹ̀, owó ta ni ọba ń ná, bí kì í bá ṣe owó àwọn aládùúgbò wọ̀nyí kan náà? Láti ìgbà tí mo ti ka ìtàn yìí ni kò ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé inú rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ bèèrè wà. Bí ìlú bá kọ́ ọmọ níwèé tí ọmọ náà sì rékọjá òkun lọ ṣe ìwádìí, kí ni ọmọ náà jẹ ìlú? Ṣé ara rẹ̀ ni, àbí owó, àbí iṣẹ́? Kí sì ni ìlú jẹ òun náà?

Ọmọ Yorùbá ni mí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Íńdíà kan mí ju bí ẹ ti lè rò lọ. Owó ìjọba Íńdíà ni mo fi kàwé ní Pune. Àjọ Indian Council for Cultural Relations, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, a máa fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà ní sikọláṣíìpù, èmi náà sì rí i gbà. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé ibẹ̀ ni pé ibi tí èmi ń pè ní òkè òkun ni àwọn tí mo bá níbẹ̀ ń palẹ̀ mọ́ láti fi sílẹ̀. Bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Mo dé oko bàbá wọn, mo rí i pé ó tóbi, mo sì tún rí i pé àwọn ọmọ olóko náà ń wo oko ẹlòmíràn.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹfà ni gbogbo láàbù á ti máa sọ̀rọ̀ ìwé ìbéèrè. Ẹlòmíràn ń wá Fulbright-Nehru. Ọdún 1950 ni Íńdíà àti Amẹ́ríkà tọwọ́ bọ àdéhùn ètò náà, láti ọdún 2008 sì ni wọ́n ti jọ ń san owó rẹ̀ ní dọ́gba-n-dọ́gba tí orúkọ Nehru fi wọ inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ń wá owó ìrànwọ́ ìwádìí ti Humboldt tàbí ti DAAD ní Jámánì, ẹlòmíràn ń wá ti Commonwealth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á máa kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn kò rí rí, wọ́n á máa bẹ àwọn olùkọ́ wọn kí wọ́n bá wọn kọ̀wé ìjẹ́rìí, wọ́n á máa tún ìwé àlàyé ara wọn kọ títí dé ìgbà kẹwàá. Àwọn tí kò rí ẹni san owó fún wọn lọ ń yá owó ní báńkì, ilé tàbí ilẹ̀ bàbá wọn ni wọ́n sì fi ń dógò. Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń kọ wọ̀nyí, ìbéèrè kan kì í ṣàìsí níbẹ̀ lọ́nà kan tàbí òmíràn: báwo ni ohun tí o bá kọ́ yóò ṣe wúlò fún orílẹ̀-èdè rẹ? Gbogbo wọn ló ń dáhùn rẹ̀ dáadáa. Mi ò rò pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo kàn rò pé kò tíì sí ẹni tó fún wọn láyè láti ro ìbéèrè náà jinlẹ̀ tó.

Akẹgbẹ́ mi kan wà ní láàbù, ọmọ àgbẹ̀ olówùú láti agbègbè Vidarbha ni. “Dada” ló máa ń pè mí. Ní èdè Marathi, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé létí tèmi, orúkọ ọmọ tó gbé irun tó ta kókó wá láti ọ̀run ni. Nígbà tó rí owó ìrànwọ́ Humboldt gbà, bàbá rẹ̀ wá sí Pune wá kí i. Ọmọ ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín àwa méjèèjì. Bàbá bi mí bóyá èmi máa padà sí ìlú mi. Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, mo máa padà.” Ó tún bi mí pé, “Nítorí kí ni?” Kò fi ìbéèrè náà dẹ mí rárá. Ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ni, bóyá kó lè rí ohun tó máa sọ fún ọmọ tirẹ̀, tàbí fún ara rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ nílé. Ó mi orí. Mo rí i pé ìdáhùn náà kò kún inú rẹ̀, kò sì kún inú tèmi náà. Àròkọ yìí ni ìyókù ìdáhùn mi fún bàbá yẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ti àwọn tó ní gbèsè ni, kò sí àwáwí. Wọ́n ní owó orí àti owó ìlú ni ìjọba fi kọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá Íńdíà, bẹ̀rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ Indian Institute of Technology àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí ní Kharagpur ní ọdún 1951. Àgbẹ̀ tó ra iyọ̀, ìyá tó ta tíì létí òpópónà, gbogbo wọn ló dá sí i. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá gba ìwé ẹ̀rí tán tó sì gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ tàbí yunifásítì ní Amẹ́ríkà, olówó ni àwọn tálákà ń fún lówó yẹn. Jagdish Bhagwati, onímọ̀ ọrọ̀ ajé tó jẹ́ ọmọ Íńdíà, ló dábàá ní àwọn ọdún 1970 pé kí wọ́n máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé tó bá kúrò ní àwọn orílẹ̀-èdè tálákà, kí wọ́n sì fi owó náà ṣe ìdàgbàsókè nílé. Òun náà ti kúrò ní Delhi lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, nítorí náà ẹ kò lè ní ó ń fi ìlara sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, ṣùgbọ́n kò yí mi lọ́kàn padà tán. Gbèsè gidi ní ọjọ́ tí wọ́n yá a, iye tí wọ́n yá, àti ẹni tó gbà láti san án. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ìjọba fi sí ilé ẹ̀kọ́ kò gbà láti san nǹkan kan. Kò sí ìyá tó ń kọ iye ọyàn tó fún ọmọ mu sínú ìwé. Bí ìyá bá sì kọ ọ́ sílẹ̀, tó wá gbé ìwé náà fún ọmọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, àwa Yorùbá ò ní pe ìyẹn ní ìyá mọ́. Oníṣòwò la máa pè é. Ohun tí ìlú bá fún ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́, oore ni. Oore ní ohun tó ń béèrè, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ṣùgbọ́n ọpẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ọlọ́pàá gbà. Kò sì pọn dandan kí ọpẹ́ jọ ohun tí wọ́n fún ni.

Àdéhùn ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bá gba Fulbright-Nehru mọ̀ kó tó lọ pé òun gbọ́dọ̀ padà sílé fún ọdún méjì kí òun tó lè béèrè fún ìwé ìgbélùú tàbí irú físà iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó bá gba sikọláṣíìpù Commonwealth, ètò tó ti wà láti ọdún 1959, ń ṣèlérí pé òun yóò padà sílé. Àgbàlagbà ni wọ́n nígbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n sì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ tó sì sá, kì í ṣe ìjọba nìkan ló rẹ́ jẹ. Ó rẹ́ onídùúró rẹ̀ jẹ, ó sì rẹ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ, torí pé ìlérí ọmọ tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà kò ní tà mọ́. Lórí èyí, mi ò rí àyè fún àríyànjiyàn púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìwé àdéhùn kì í ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ padà wá ṣiṣẹ́, ó yẹ kí iṣẹ́ wà nílẹ̀, kí ilé wà tó máa sùn sí, kí àwọn tó rán an níṣẹ́ sì gbà pé èèyàn ni. Ambedkar padà. Ìlú ni kò sí níbi àdéhùn.

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí fún Har Gobind Khorana, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbé igi sí i. Ọdún 1922 ni wọ́n bí i ní abúlé kan tó ń jẹ́ Raipur ní Punjab, abúlé tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún lọ, tó fi jẹ́ pé ilé bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ ìwé kà dáadáa. Ìjọba Íńdíà fún un ní owó ìrànwọ́ ní ọdún 1945, ó lọ sí Liverpool, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1948, ó ṣe ìwádìí díẹ̀ sí i ní Zurich, ó sì padà sílé ní ọdún 1949. Kò ríṣẹ́. Ó tún padà lọ sí Cambridge, láti ibẹ̀ ó dé Kánádà, láti Kánádà ó dé Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di ọdún 1968 ó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel fún iṣẹ́ tó fi hàn bí ara ohun alààyè ṣe ń ka àṣẹ tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Nǹkan mìíràn wà nínú ìtàn rẹ̀ tí àwọn tó ń sọ pé “kí ó padà sílé” kì í rántí. Láàárín ìgbà tó lọ àti ìgbà tó dé, ní ọdún 1947, wọ́n ti pín Íńdíà sí méjì, abúlé Raipur sì ti bọ́ sí Pakísítánì. Ìjọba tó fi owó rán an lọ kò sí mọ́. Ilé wo gan-an ni à bá ní kó padà sí?

Ìjọba Íńdíà mọ̀ pé àléébù yìí wà. Ní ọdún 1958, wọ́n dá ètò kan sílẹ̀ lábẹ́ àjọ CSIR tí wọ́n ń pè ní Scientists' Pool, kí àwọn ọ̀mọ̀wé tó bá ti òkè òkun dé lè ní owó oṣù àti ibi tí wọ́n á fìdí lé títí wọ́n á fi rí iṣẹ́ gidi. Títí di òní, wọ́n ṣì ní owó ìrànwọ́ fún àwọn olùwádìí tó bá fẹ́ padà, bí irú èyí tí wọ́n fi orúkọ Ramanujan pè. Mo fẹ́ràn irú ètò bẹ́ẹ̀, torí pé ó fi hàn pé ìlú gbà pé òun náà jẹ gbèsè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ẹni tó lọ òde bá dé tí kò bá ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un, ìta ló máa padà sí.

Ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ni M. S. Swaminathan. Ìyàn Bengal ti ọdún 1943 ló mú kó yan ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó rí owó ìrànwọ́ UNESCO gbà lọ sí Wageningen ní Nẹ́dálándì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge ní ọdún 1952, ó ṣe ìwádìí ní Wisconsin, wọ́n sì fi iṣẹ́ olùkọ́ lọ̀ ọ́ níbẹ̀. Kò gbà á. Ó padà sílé ní ọdún 1954, kò sì pẹ́ tó fi rí àyè ní ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Delhi. Nígbà tó di àwọn ọdún 1960, òun àti Norman Borlaug wà lára àwọn tó mú irúgbìn àlìkámà tuntun wọ oko àwọn àgbẹ̀ Íńdíà. Ní ọdún 1966, Íńdíà ra tọ́ọ̀nù 18,000 irúgbìn náà láti Mexico. Ìkórè àlìkámà tó wà ní nǹkan bíi mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù 12 ní ọdún 1965 ti lé ní mílíọ̀nù 16 ní ọdún 1968. Kì í ṣe pé ohun gbogbo tó tẹ̀lé e ló dára. Omi inú ilẹ̀ Punjab ti lọ sílẹ̀ gan-an láti ìgbà náà, òun fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ nípa lílo ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò láìníwọ̀n. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn jẹun.

Àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ padà máa ń fi Swaminathan ṣe àpẹẹrẹ, àwọn tó ń sọ pé kí ọmọ dúró níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti dára jù a sì máa fi Khorana dáhùn, tàbí Subrahmanyan Chandrasekhar, ẹni tí ìjọba Íńdíà fún ní sikọláṣíìpù lọ sí Cambridge ní ọdún 1930, tó di olùkọ́ ní Chicago ní ọdún 1937, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1983 nítorí ìmọ̀ rẹ̀ nípa ìràwọ̀. Lójú tèmi, ìhà méjèèjì ń wọn ohun tí kò yẹ kí wọ́n wọ̀n. Wọ́n ń wo ibi tí ara èèyàn wà. Ẹnìkan lè wà nílé láìwúlò fún ẹnikẹ́ni. Mo mọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan, n kò ní sọ orílẹ̀-èdè rẹ̀, tó padà láti òkè òkun pẹ̀lú ìlù àti fèrè, tó jókòó sórí àga fún ogún ọdún, tí kò sì jẹ́ kí ọmọ kankan tó bá mọ̀wé jù ú kọjá níwájú rẹ̀. Ṣé a máa sọ pé ìyẹn ti san gbèsè tirẹ̀ nítorí pé ilé ló ń sùn?

Àwọn kan ní owó ni wọ́n fi ń san án. Báńkì Àgbáyé sọ pé owó tí àwọn ọmọ Íńdíà tó wà lókè òkun fi ránṣẹ́ sílé ní ọdún 2022 ju bílíọ̀nù 100 dọ́là lọ, kò sì sí orílẹ̀-èdè mìíràn tó gba tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló wá láti ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé kíkọ́ àti awakọ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá, àwọn tí ìlú kò ná owó yunifásítì lé lórí rí. Ẹbí olówó náà ni owó ọ̀hún sì máa ń kọ́kọ́ kàn. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Kò kàn jẹ́ ìdáhùn sí ìbéèrè tí à ń bèèrè ni.

Kí wá ni ìdáhùn? Èmi rò pé ibi tó yẹ ká wò ni àga. Lọ́dọọdún, ó ju mílíọ̀nù kan ọmọ lọ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ẹ̀rọ ńláńlá Íńdíà. Ní ọdún 2023, àyè tó wà ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ IIT pátá fi díẹ̀ lé ní 17,000. Bọ́rọ̀ owó ìrànwọ́ ìwádìí lókè òkun ṣe rí náà nìyẹn, àyè rẹ̀ tilẹ̀ tún kéré sí i. Ẹni tó bá jókòó sórí àga kan, àwọn mìíràn wà tí wọ́n kàwé mọ́jú bíi tirẹ̀, tí wọ́n sì dúró síta. Kì í ṣe pé ó jalè; ìdánwò ló yege. Ṣùgbọ́n ohun tó gbà kì í ṣe owó tó ti ọrùn ìjọba já bọ́, àyè tí ẹlòmíràn kò ní ló gbà. Nítorí náà, ẹni tó jẹ ní gbèsè kì í ṣe àsíá tàbí ààlà ilẹ̀. Àwọn tó dúró síta ló jẹ ní gbèsè, àti àwọn àbúrò wọn tó ń bọ̀. Gbèsè náà ni pé kí ọ̀nà fẹ̀ ju bó ṣe wà kí òun tó gbà á kọjá lọ.

Bí a bá fi èyí wọn àwọn tí mo ti dárúkọ, ìdájọ́ wa yóò yí padà. Ambedkar kò ṣiṣẹ́ fún Baroda fún ọdún 10, ṣùgbọ́n òun ni alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin orílẹ̀-èdè Íńdíà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 26 Oṣù Kínní ọdún 1950. Òfin náà fòpin sí pípe ẹnikẹ́ni ní aláìṣeéfọwọ́kàn, ó sì fàyè sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí wọ́n bí bíi tirẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ àti níbi iṣẹ́ ìjọba. Ta ló tún lè sọ pé kò san án? Ó san án ju iye tí wọ́n kọ sínú ìwé lọ. Àpẹẹrẹ kan tún wà nítòsí tiwa. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Nàìjíríà ló ní olùkọ́ ìṣirò tàbí físíìsì tó wá láti Íńdíà. Irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ló kọ́ bàbá mi ní ìṣirò, bàbá mi ló sì kọ́ èmi. Ìlú tó kọ́ olùkọ́ yẹn níwèé pàdánù rẹ̀, ilé tiwa sì jèrè. Mi ò lè pe ìyẹn ní olè, nítorí pé bí mo bá pè é bẹ́ẹ̀, ẹrù olè ni èmi náà.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń kà mí máa sọ: pé ìdánwò tí mo gbé kalẹ̀ yìí rọrùn jù fún ẹni tó bá fẹ́ sá lọ. Ó lè dúró sí California, kó máa sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ ilé lórí kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kó sì ní òun ti lanà. Rárá o. Ọ̀nà tó là ni ká béèrè, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó sọ. Ta ló ti ipasẹ̀ rẹ̀ wọlé? Ọmọ mélòó ló gbà sí láàbù rẹ̀ láti ibi tó ti wá? Ẹ̀rọ wo ló bá wọn rí? Ìwé ìjẹ́rìí ta ló kọ? Ẹni tí kò bá rí ẹyọ ẹnìkan dárúkọ, bó wà ní Boston, bó wà ní Bhopal, kò tíì san nǹkan kan. Mo tún gbà pé àwọn iṣẹ́ kan wà tí a kò lè ṣe láti òkèèrè. Dókítà kò lè fi íntánẹ́ẹ̀tì gbẹ̀bí. Ẹni tó máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fọ ìgò láàbù tí wọ́n sì ń tún ẹ̀rọ tó bàjẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ irú èyí tó sì lọ, ẹrù tó wà lọ́rùn rẹ̀ wúwo ju ti onímọ̀ ìràwọ̀ lọ, torí pé ìràwọ̀ kan náà ni à ń wò láti Chennai àti láti Chicago.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìlú kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú gbogbo ìmọ̀ tó wà lókè òkun, òun ló fi ń rán ọmọ. Ọmọ náà kò sì lè rìn dé ibẹ̀ láìsí ọwọ́ ìlú. Bí ìlú bá ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ ohun tó jẹ, kí ó ṣí ìwé tirẹ̀ náà sílẹ̀: iṣẹ́ dà, láàbù dà, iná dà, ta ló ń gbé igi lẹ́nu ọ̀nà?

Akẹgbẹ́ mi ti wà ní Jámánì báyìí. Kò ṣe ìlérí fún ẹnikẹ́ni pé òun máa padà, n kò sì rò pé ó yẹ kó ṣe é nítorí kí ọkàn àwa tó kù lè balẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ó ti bá ọmọbìnrin méjì láti agbègbè wọn ka ìwé ìbéèrè wọn, ó tún un ṣe, ó dá a padà, ó tún un ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ti rí àyè gbà. Tèmi ni pé mo máa padà sí Nàìjíríà lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí pé ìwé tí mo tọwọ́ bọ̀ sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé igi sí mi. Ìyẹn nìkan kò sọ mí di ẹni rere ju akẹgbẹ́ mi lọ. Bí mo bá lo gbogbo ọdún àdéhùn náà tán, tí kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa kan tó rí ọ̀nà wọlé nítorí mi, a jẹ́ pé mo kàn padà sílé ni, gbèsè mi ṣì wà nílẹ̀. Bí bàbá láti Vidarbha bá tún bi mí pé nítorí kí ni, ohun tí màá sọ fún un nìyẹn, kí ọmọ rẹ̀ bá mi túmọ̀ rẹ̀.